Òróró Nínú Imú Kọ̀ǹpútà Tuntun

Ìyá ọkọ mi da òróró àdúrà sí imú kọ̀ǹpútà tuntun mi, kọ̀ǹpútà náà kú, èmi ni wọ́n sì ní kí n kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Èmi fúnra mi ti tò ó lọ, mo ti tò ó bọ̀, n kò tíì rí ojú ibi tí ẹ̀bi gbà wọ ọ̀dọ̀ mi. Mo kàwé díẹ̀. Ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mo kà ní yunifásítì, ọdún mẹ́sàn-án ni mo sì fi kọ́ àwọn ọmọ girama nípa imú, ẹ̀dọ̀fóró àti bí ọ̀pọ̀lọ́ ṣe ń fi awọ ara mí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀: èyí ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, òun ló fa èyí tó tẹ̀ lé e. Bí mo ṣe máa to ẹjọ́ mi nìyí. Ẹni tó bá ń múra àtira kọ̀ǹpútà lè jókòó tì mí kó máa gbọ́, nítorí ìmọ̀ràn wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fún mi nígbà tí mo nílò rẹ̀.

Ohun tó gbé mi débi kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́. Mo ti fi ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni sílẹ̀, mo sì wà nílé ní Ṣàngótẹ̀dó, mo ń ka ìlà tó wà lára àjà ilé. Ọ̀rẹ́ mi kan wá sọ fún mi pé àwọn òbí Yorùbá kan ní Kánádà ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní Yorùbá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo bá ìyá kan nínú wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ mẹ́ta ló ní. Ó ní kí n kọ́ wọn fún ogójì ìṣẹ́jú, kí òun jókòó wò ó. Bí ó bá dùn mọ́ òun, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun márùn-ún yóò kó gbogbo ọmọ wọn fún mi. Bí kò bá dùn mọ́ òun, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ó ní òun kò fẹ́ fóònù o, kọ̀ǹpútà lòun fẹ́, kí àwọn ọmọ lè rí àwòrán tí mo bá ń fi hàn wọ́n. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta la fi àdéhùn sí.

Mo ní kọ̀ǹpútà kan nílé nígbà náà. Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ àgùnbánirọ̀ ló ti wà lọ́wọ́ mi. Téèpù ni mo fi so ojú rẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, fáànù inú rẹ̀ sì ń ké bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Kì í ṣe pé mò ń bù mọ́ ọn. Ẹni tó ń gbé lókè wa ti kan ilẹ̀kùn rí, ó gbé abọ́ tàtàsé dání, ó ní òun gbọ́ pé a ti ra ẹ̀rọ ìlọta, ṣé a lè bá òun lọ èyí.

Nítorí náà, kí n tó jáde lọ ra òmíràn, mo kàwé nípa rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Mo kọ ohun tí mo fẹ́ sínú ìwé: gíìgì mẹ́rìndínlógún fún ìrántí rẹ̀, kámẹ́rà tí kò ní sọ mí di òjìji, bátìrì tó máa gbé mi lọ fún odindi ìdajì ọjọ́, torí iná àdúgbò wa kì í dágbére kó tó lọ, kó fúyẹ́, kó má pariwo. Mo fa ìlà méjì sábẹ́ "kó má pariwo". Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo lè mú un wá fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ̀rí.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni pé mo sọ ọ́ létí ọkọ mi.

"Ìwọ nìkan ló fẹ́ lọ?" ó ní, ó gbé ṣíbí kalẹ̀. "Kí wọ́n lè rí ọ rẹ́ jẹ. Jẹ́ kí n pe Bọ̀dá."

Mo ní láti ṣàlàyé. Nínú ẹbí ọkọ mi, ẹnikẹ́ni kì í dá lọ ra ohun tó bá ti ju ìkòkò lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ mú ẹni tó mọ ọjà dání. Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ni ẹni tó mọ ọjà. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló ń tà létí títì ní Ajah, kò sì sí ohun tó ní táyà mẹ́rin tí kò mọ àrùn tó ń ṣe é. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní táyà. Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: bí ẹ bá fẹ́ mú ẹnì kan lọ ra kọ̀ǹpútà, ẹ mú ẹni tó ti lo kọ̀ǹpútà rí. Bí ẹni náà bá ń bi yín léèrè lójú ọ̀nà pé máìlì mélòó ló ti rìn, ẹ dá ọkọ̀ dúró kí ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, èmi àti Bọ̀dá gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí oríta Ajah. Ẹni tó ń tajà níbẹ̀ fetí sí mi dáadáa. Ó wo ìwé mi láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ mọ ohun tí ẹ ń wá o," ó sì gbé kọ̀ǹpútà kan jáde. Gbogbo ohun tí mo kọ ló wà lára rẹ̀. Ó tín-ín-rín, ó dákẹ́ bí ọmọ tó ń sùn. Ọkàn mi fà sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bọ̀dá gbà á lọ́wọ́ mi, ó jù ú sókè díẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni ń wọn iṣu.

"Kí ló dé tó fúyẹ́ báyìí?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nísinsìnyí nìyẹn, Ọ̀gá."

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkọ̀ náà nísinsìnyí nìyẹn. Tí èèyàn bá fẹ̀yìn tì í, á wọlé." Bọ̀dá gbé e sétí. Ó pa ojú dé. "Mi ò gbọ́ ẹ́ńjìnnì."

"Kò ní fáànù, Ọ̀gá. Kì í pariwo rárá."

Bọ̀dá la ojú, ó wò ó bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọmọ tí wọ́n gbé fún un kò ní imú. "Kò ní fáànù. Nínú ooru Ajah. Kí ló máa wá fi mí?"

"Bọ̀dá mi," mo ní, "ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Mo kọ ọ́ síbí. Mo fa ìlà sí i."

"Ìyàwó, gbọ́ mi. Ohun tí kì í pariwo kì í sọ fúnni tó bá fẹ́ kú. O kàn máa jí lọ́jọ́ kan, wàá bá a ní òkú. Èyí tó ń pariwo, wàá ti gbọ́ ìkọ́ rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta ṣáájú."

Mo yíjú sí ọlọ́jà kó gbè mí. Ẹni tó ní mo mọ ohun tí mò ń wá kò wo ojú mi mọ́. Ó ti rí ẹni tó máa pàṣẹ ìsanwó. Ó ti ọmọlúàbí kọ̀ǹpútà mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọlé sẹ́yìn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé òmíràn jáde, bí ẹni gbé bíríkì. "Ọ̀gá, ẹ wo èyí. Eléyìí lágbára."

Ohun tó gbé jáde yẹn wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí tábìlì fi dún. Ó ní imú ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó ní imú ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ó tún ní imú lókè, láàárín kíbọ́ọ̀dù àti ojú rẹ̀, ihò wínníwínní tó tò bí ihò asẹ́. Ẹ rántí àwọn ihò yẹn. Nígbà tí ó tàn án, iná pupa jáde lábẹ́ àwọn lẹ́tà, inú rẹ̀ sì hó fùùù.

"Ẹ́ńjìnnì rèé," Bọ̀dá ní, ẹnu rẹ̀ sì là sí ẹ̀rín. "Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí n wò."

Ọlọ́jà dojú rẹ̀ délẹ̀. Bọ̀dá gbóòórùn rẹ̀. Ó fi ìka ra ìdí rẹ̀ bóyá epo ń jò. Ó ní, "Ta ló ti lò ó kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ?"

"Ẹnikẹ́ni kò lò ó, Ọ̀gá. Tuntun ni."

"Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Mo pe ọkọ mi lórí fóònù, mo ní ohun tí Bọ̀dá fẹ́ kí n rà kọ́ ni mo fẹ́. Ohun tí ó fi dá mi lóhùn ni pé, ṣé mo mọ̀ pé Bọ̀dá fi oníbàárà méjì sílẹ̀ létí títì nítorí mi. N kò mọ ohun tí èyí ní í ṣe pẹ̀lú gíìgì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti lọ́kọ, tí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín sì ti dúró tì yín nínú ṣọ́ọ̀bù rí, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Kí ó tó parí, mo ṣe ohun kan tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ mọ́ ohun rere tí mo ṣe. Mo yọ ṣájà. Ìmọ̀ràn kejì rèé: nínú ṣọ́ọ̀bù, inú iná ni wọ́n máa ń fi kọ̀ǹpútà sí kó lè dà bí alágbára. Ẹ yọ ṣájà kí ẹ wo bí yóò ṣe dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Tiwa dúró títí mo fi ka oókan dé ogún, ó sì lọ bíi fìtílà.

"Bátìrì rẹ̀ ṣì ń sùn ni, Àǹtí," ọlọ́jà ní. "Tó bá dé ilé yín, á jí."

"Bátìrì ọkọ̀ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀," Bọ̀dá ní.

Báyìí ni mo ṣe rà á. N kò ní purọ́ mọ́ kọ̀ǹpútà náà, nítorí òkú ò ṣeé sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Nígbà tí mo tò ó sórí tábìlì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tí mo fi í sínú iná, kámẹ́rà rẹ̀ mọ́ kedere. Mo rí àwọn ìlà tí ìrònú ti fà sí iwájú orí mi. Mo ṣe ìdánrawò ẹ̀kọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, mo kí àwọn ọmọ tí kò sí níbẹ̀. Fùùù rẹ̀ kò tilẹ̀ pọ̀. Mo sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, mo ní ọjọ́ Àbámẹ́ta á dára.

Ìyá ọkọ mi dé ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀dọ̀ Bọ̀dá ní Ajah ni wọ́n ń gbé. Bọ̀dá ló sọ fún wọn pé, "A ti ra kọ̀ǹpútà." Ẹ wo "a" yẹn dáadáa. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n wọ̀ wá, wọ́n gbé àpò wọn sí àyà, èmi sì mọ ohun tó wà nínú àpò náà kí wọ́n tó jókòó. Ìgò kékeré kan ni, tí oògùn ikọ́ wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó kún fún òróró ólífì tí wọ́n ti gbàdúrà sí. Kò sí ohun tuntun tó wọ ẹbí yìí tí ìgò yẹn kò kí káàbọ̀. Ó ti kí ọkọ̀. Ó ti kí fíríìjì. Nígbà tí a kó wọ ilé yìí, ó kí ilẹ̀kùn wa tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ wa fi ń yọ̀ lára ọwọ́ ilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ kan.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́. Onígbàgbọ́ ni èmi náà. Mo sì fẹ́ràn ìyá yìí. Àwọn ló wẹ àkọ́bí mi fún oṣù mẹ́ta gbáko. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kí n gbé kọ̀ǹpútà wá, mo gbé e wá. Ó wà nínú iná, ó ń ṣiṣẹ́, mo kàn pa ìdérí rẹ̀ dé díẹ̀. Wọ́n fi òróró ṣe àmì sórí ìdérí náà. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ mi ò ní gbẹ, mo ní àmín. Wọ́n ní ẹni tó bá máa rán mi níṣẹ́ ò ní sùn, mo ní àmín. Ká ní ibẹ̀ la dúró sí ni, ìwé yìí ò ní sí.

"Ó yá, ṣí i," wọ́n ní.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kó mọ lórí ìdérí."

"Ìta ilé ni ká kùn, ká wá fi pálọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀tá kó jókòó?"

Mo ṣí i. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣí i, wọn kò fi agbára gbà á. Wọ́n tẹ àtàńpàkò mọ́ iwájú orí rẹ̀, níbi tí kámẹ́rà wà. Wọ́n kán díẹ̀ sórí lẹ́tà. Mo ń fi etí aṣọ mi nù ún tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń kán an, mò ń nù ún, a sì ń bá ara wa lọ bẹ́ẹ̀ láìjà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n tún un fi sójú.

"Kí ni àwọn ihò yìí?"

Ọdún mẹ́sàn-án tí mo fi kọ́ni ló ṣe mí o. Bí wọ́n bá bi olùkọ́ ní ìbéèrè, ó gbọ́dọ̀ dáhùn. Mo ní, "Imú rẹ̀ ni, Mọ́mì. Ibẹ̀ ló ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé kí inú rẹ̀ má baà gbóná."

"Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì. Afẹ́fẹ́ lásán."

"Afẹ́fẹ́ lásán. Kí ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síni bí kò ṣe afẹ́fẹ́? Ibi tí wọ́n máa gbà wọlé gan-an lo fi sílẹ̀ gbayawu yìí."

Wọ́n da ìgò dé. Wọn kò kán an mọ́. Wọ́n dà á, láti imú ọ̀tún dé imú òsì, bí ẹni da epo sórí ẹja tí wọ́n fẹ́ yan. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Kọ̀ǹpútà náà ní fùùù. Ó ní fọ̀fọ̀fọ̀. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, iná pupa rẹ̀ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́, ìdákẹ́ tí èyí tí mo kọ́kọ́ fẹ́ rà ì bá ti dákẹ́ fún mi láìgba òróró.

"Ó ti gbà á," ìyá ọkọ mi ní.

Mo ké. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ ti pa á." Mo sì já ìgò náà gbà lọ́wọ́ wọn. Ohun méjì tí mo ṣe nìyẹn, n kò ṣe kẹta. Ọkọ mi jáde láti balùwẹ̀, ọṣẹ wà létí rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló rí, tó di ìgò àdúrà ìyá rẹ̀ mú bí ẹni fẹ́ sọ òkò.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Wọ́n da òróró sí imú kọ̀ǹpútà."

"O já nǹkan gbà lọ́wọ́ ìyá mi?"

"Kọ̀ǹpútà ti kú. Ọ̀la ni iṣẹ́ mi."

"Mo ní, o já nǹkan gbà lọ́wọ́ ìyá mi?"

Ìyá rẹ̀ wá fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, èyí tó burú ju ariwo lọ. "Fi í sílẹ̀. Ó ní mo ti pa á. Ó dáa. Mo ti di apànìyàn." Wọ́n pe Bọ̀dá, Bọ̀dá dá ẹjọ́ láti orí fóònù, láìbi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan, pé kí n kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Òróró wà lórí táìlì ilẹ̀ níbi tí mo kúnlẹ̀ sí, mo sì yọ̀ bọ̀rọ́ síwájú títí orí mi fi kan orúnkún wọn, ni gbogbo wọn bá rò pé mo kábàámọ̀ gan-an. Wọ́n fi ọwọ́ pa mí lórí. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí.

Mo gbé òkú náà dé ṣọ́ọ̀bù ní Ajah kí wọ́n tó tì í. Ọlọ́jà tú ìdí rẹ̀, ó wo inú rẹ̀, ó wò mí, ó tún wo inú rẹ̀.

"Àǹtí, kí lẹ fi dín níbí?"

Mo mú ìwé wáráǹtì jáde. Mo ti kà á lójú ọ̀nà. Ohun mẹ́rin ló ní àwọn kò ní tún ṣe lọ́fẹ̀ẹ́: omi, iná, ìṣubú àti eku. Mo ní, "Òróró ò sí níbẹ̀."

"Àǹtí mi, abẹ́ omi ni òróró wà."

"Òróró kì í wà lábẹ́ omi. Orí omi ló máa ń wà. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ JS Wáànù bẹ́ẹ̀."

Kò ka èyí sí. Ó ní àwọn á tú u palẹ̀, àwọn á nù ún, àwọn á sá a, kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mo bi í léèrè ibi tí èyí tó fúyẹ́ àná wà, bóyá wọ́n lè fi yá mi títí di ọ̀la. Ó ní wọ́n ti rà á láàárọ̀.

"Ta ló rà á?"

"Obìnrin kan láti ọ̀nà VGC ni. Òun nìkan ló wá. Ó wò ó, ó yọ ṣájà, ó sanwó, ó lọ. Kò tiẹ̀ pẹ́ rárá."

Òun nìkan ló wá. Gbólóhùn yẹn bá mi délé, ó bá mi jẹun, ó dùbúlẹ̀ tì mí.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kọ̀ǹpútà ọkọ mi kò ṣeé yá; ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni, wọ́n sì ti dè é mọ́lẹ̀ débi pé lẹ́tà nìkan ló ṣeé kọ lórí rẹ̀. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago márùn-ún lù, mo gbé kọ̀ǹpútà àgùnbánirọ̀ mi sọ̀ kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo fi téèpù tuntun kún téèpù rẹ̀. Mo tàn án. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ata.

Àwọn ọmọ mẹ́ta náà jókòó lórí àga gígùn kan, ọmọbìnrin kan, ọmọkùnrin kan, àti kékeré kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ dànù. Ìyá wọn wà lẹ́yìn, ó káwọ́ gbera. Mo kí wọn, wọn kò gbọ́. Mo tún kí wọn, ọmọbìnrin àgbà fi ìka di etí. Mo rí ìyá wọn tó wo aago. Mo mọ ìwò yẹn. Èmi náà ti wo aago bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí wọ́n rán olùkọ́ kan wá kí n yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Kékeré ní, "Àǹtí, kí ló wà lẹ́yìn ẹ tó ń pariwo?"

"Lẹ́yìn yín," ìyá rẹ̀ ní láti ẹ̀yìn.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú mi. Mo lè tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n mo ti tọrọ àforíjì tó fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo ju ẹ̀kọ́ tí mo ti múra rẹ̀ sílẹ̀ nù, mo pariwo kí wọ́n lè gbọ́ mi: "Ẹ̀yin, ẹ sọ fún mi. Báwo ló ṣe ń dún?"

Wọ́n wo ara wọn. Ọmọkùnrin ní ó ń dún bíi bààlúù. Àgbà ní òjò ni. Mo ní, tó bá jẹ́ òjò, ṣàà ló máa ń rọ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹyọ ẹyọ ló ń kán, tó, tó, tó ni. Tí ohun wúwo bá já lulẹ̀, gbì. Tí ilẹ̀kùn bá pa dé mọ́ni lójú, gbàgà. Kí wọ́n wá gbogbo rẹ̀ fún mi nínú ilé wọn, kí wọ́n mú un wá kí n gbọ́. Ọmọkùnrin sáré lọ pa ilẹ̀kùn dé gbàgà. Àgbà ṣí ẹ̀rọ omi, tó, tó, tó. Kékeré gun orí àga, ó fo sílẹ̀ gbì, ó ní òun fẹ́ tún un ṣe, ó tún un ṣe títí bàbá wọn fi yọjú láti yàrá pé ta ló ń wó ilé. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá, a ò mọ̀. Gbogbo ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà mi ń lọ ata tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí àwọn ọmọ dìde, ìyá wọn wá jókòó síbi tí wọ́n jókòó sí. Ó kàn ń fetí sílẹ̀.

"Ẹ̀rọ ìlọta nìyẹn," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ìyàwó bàbá wa kan ní in lójúde wa ní Muṣin. Bó ṣe ń dún gẹ́lẹ́ nìyẹn láràárọ̀. Mi ò tíì gbọ́ ọ láti ìgbà tí mo ti dé ibí." Ó nu ojú. "Ẹ máa kọ́ wọn o, Àǹtí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi náà á kó tiwọn wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ẹ̀rọ yẹn o."

Mo rí iṣẹ́ náà. Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí ó wà nínú àkọsílẹ̀ pé inú mi dùn, fún nǹkan bíi wákàtí méjì, títí tí ọkọ mi fi pe ìyá rẹ̀ láti ròyìn fún wọn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ìyá ọkọ mi dìde jẹ́rìí ní ìjọ wọn ní Ajah. Wọ́n ní àwọn da òróró sórí kọ̀ǹpútà tuntun ìyàwó ọmọ àwọn, ọjọ́ kejì ni ìpè wọlé láti òkè òkun. Ìjọ hó. Wọ́n ní kí n dìde kí n juwọ́. Mo juwọ́. Ẹ̀rí náà ní àṣìṣe mẹ́ta nínú: kọ̀ǹpútà tí wọ́n da òróró sí kọ́ ni mo fi ṣiṣẹ́, ìpè náà ti wọlé kí òróró tó dé, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń dúpẹ́ lórí rẹ̀ sì wà lórí tábìlì ní Ajah níbẹ̀, wọ́n sá a sóòrùn bí ẹni sá èlùbọ́. Bọ̀dá bá mi níta lẹ́yìn ìsìn, ó fi ọwọ́ lu èjìká mi. "Ìyàwó, ṣé mo ò sọ fún ọ? Èyí tó ń pariwo ló dára."

Ó di oṣù méjì báyìí. Ọlọ́jà ṣì ń sá a. Fáànù ẹ̀rọ ìlọta mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, Bọ̀dá sì ti sọ fún ọkọ mi pé òun á tẹ̀ lé mi lọ ra òmíràn.

Nítorí náà, kí a tó débẹ̀, mo fẹ́ ìdáhùn. Kí ọlọ́jà fi ìlà tí òróró wà nínú ìwé wáráǹtì hàn mí, kó sì sọ fún mi aago mélòó ni bátìrì náà máa ń jí. Kí Bọ̀dá sọ ọjọ́ tí ìyà jẹ obìnrin VGC yẹn nítorí pé ó dá ra ọjà. Kí ọkọ mi ṣàlàyé bí ẹni tó wà ní balùwẹ̀ ṣe di ẹlẹ́rìí, àti bí ẹlẹ́rìí ṣe di adájọ́. Kí Mọ́mì, tí mo fẹ́ràn, dá ìbéèrè mi kan péré lóhùn: bí ó bá jẹ́ pé òróró ló ṣe é, ta ló yẹ kó kúnlẹ̀ fún kọ̀ǹpútà àgùnbánirọ̀ mi, tí ẹnikẹ́ni kò kán ohunkóhun sí lára?

Kí kálukú kọ ìdáhùn tirẹ̀ sínú ìwé. Kí wọ́n fi ránṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e wá sílé fúnra rẹ̀, pàápàá ẹni tó bá gbé àpò dání.